Aṣọ Tí Wọ́n Ní Kí N Wọ̀ Jẹun Alẹ́

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ti lọ, nítorí náà mo kí yín bí mo ṣe máa ń kí yín tí mo bá wọ ṣọ́ọ̀bù yín ní Ṣakí, tí ẹ óò kọ́kọ́ wò mí láti orí dé ẹsẹ̀ kí ẹ tó dáhùn. Ọdún kejì rèé tí mi ò ti gbọ́ ìdáhùn yẹn. Ọyẹ́ ti dé. Ètè mi ti là, gìgísẹ̀ mi náà ti là. Inú kíláàsì mi ní Ìgbẹ́tì ni mo jókòó sí tí mo ń kọ ìwé yìí. Àwọn ọmọ ti lọ sílé, aago mẹ́rin ti kọjá. Ó yẹ kí èmi náà ti dìde, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kò tíì gbà láti gbé mi lọ sílé.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ló gbé mi dé ibi tí mo wà yìí. Ta ni mo tún lè sọ ọ́ fún bí kò ṣe ẹ̀yin tí ẹ fi gbogbo ayé yín rán aṣọ fún èèyàn?

Mo ṣì ń rí yín bí ẹ ṣe ń kírun ìrọ̀lẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù, téèpù ṣì wà lọ́rùn yín, torí ẹ kì í rántí yọ ọ́. Ẹ máa ń fi eyín já òwú nígbà tí àlùmọ́gàjí wà lórí itan yín. Bí ẹ bá ń rán aṣọ obìnrin, ẹ máa ń fi ìka méjì kún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ óò ká a sínú, ẹ óò rán an pa mọ́. Oníbàárà kan bi yín lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí ẹ fi ń fi aṣọ òun ṣòfò. Ẹ ní, "Ẹ lè bímọ. Ẹ lè jẹun yó. Ṣé ẹ fẹ́ máa tọrọ àyè kí ẹ tó mí ni?" Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo kéré nígbà yẹn. Mo rò pé àwàdà lẹ̀ ń ṣe.

Ẹ rántí Bàbá Bọ́lá, ọkọ mi. Ẹ ò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, ẹ ò sì sọ ọ́ síta rí. Ó ṣì wà níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta mábù, òun ló ń bójú tó àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó o. Ọ̀gá tó ni ibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ibùdó ìgbafẹ́ kan sẹ́bàá omi, lápá Ìsẹ́yìn. Lóṣù tó kọjá, ó pe mẹ́fà nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ àti ìyàwó wọn kí wọ́n wá lo ọjọ́ méjì níbẹ̀. Ìwé ìpè náà nípọn, ó ń dán. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ ohun tí a óò wọ̀ jẹun alẹ́ sí. Ọkùnrin á wọ ṣẹ́ẹ̀tì fúyẹ́ aláwọ̀ títàn. Obìnrin á wọ gáùn tí wọ́n máa ń wọ̀ létí òkun, èyí tí kò bo èjìká. Kò sí gèlè, kò sí ìró àti bùbá.

Nínú ọyẹ́ o, Bàbá! Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń wọ súwẹ́tà méjì méjì, imú wọn ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹnì kan wá ní kí n ṣí èjìká sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́bàá omi.

Mo bi ọkọ mi léèrè. Mo ní, "Bàbá Bọ́lá, ṣé mi ò lè wọ bùbá mi, kí n ju ìborùn lé e?"

Kò gbé ojú kúrò lórí fóònù rẹ̀. Ó ní, "Ṣé Gẹ̀ẹ́sì tó wà nínú ìwé yẹn ló le ni? Mo rò pé tíṣà ni ọ́."

Àbúrò rẹ̀ obìnrin tó wà ní Ìbàdàn ló yá wa ní gáùn. Pupa ni, ó rọ̀, ó rẹwà lójú. Ẹ mọ àbúrò rẹ̀ yẹn, tín-ínrín bí igi ìgbálẹ̀. Èmi sì rèé, ọmọ tí ẹ máa ń ní òun nìkan ló jogún ìbàdí Màmá. Nígbà tí a dán an wò nílé, ẹ̀yìn mi ni ọkọ mi dúró sí, ó fi orúnkún kan tì mí, ó ń fa sípù.

"Fa ikùn mọ́ra."

"Mo ti fà á."

"Fà á sí i."

Sípù náà gòkè. Ó yí mi padà, ó wò mí pẹ́, ó ní mo rẹwà. Bàbá, mi ò ní purọ́ fún yín. Kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún mi láti ìgbà tí mo ti bí Bọ́lá, Bọ́lá sì ti ń lọ sí ilé-ìwé girama. Inú mi dùn. Mi ò lè mí dáadáa, inú mi sì dùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà.

Nínú ọkọ̀, ó ń kọ́ mi bí ẹni ń kọ́ ọmọdé. Kí n má sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kí n má sọ̀rọ̀ ilé-ìwé. Bí wọ́n bá bi mí ní ohun kan, kí n rẹ́rìn-ín, òun á dáhùn. Mo rò pé ojú ló ń tì í nítorí owó oṣù tíṣà ni. Mi ò mọ̀ pé nǹkan mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀ bá rí ibẹ̀. Igi àgbọn ni wọ́n gbìn sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ojú ọ̀nà, wọ́n ní láti Badagry ni wọ́n ti kó wọn wá. Ewé wọn ti pọ́n, eruku ọyẹ́ ti bò wọ́n mọ́lẹ̀. Wọ́n da iyanrìn funfun sétí omi kó lè dà bí etí òkun. Màlúù àwọn Fúlàní tó ti ń mumi níbẹ̀ tipẹ́ kò mọ̀ pé nǹkan ti yí padà, wọ́n ń tẹ iyanrìn náà mọ́lẹ̀ bọ̀, ọkùnrin aṣọ́gbà kan sì ń fi igi lé wọn padà. Ẹ̀ bá rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nínú ni.

Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀ nígbà tí wọ́n pè wá sí oúnjẹ. Àwa obìnrin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ wa, èjìká wa níta, awọ ara wa ti ṣù jọ bí ti adìẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tu ìyẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ pé òtútù ń mú òun. Nígbà náà ni ìyàwó ọ̀gá jáde. Gáùn tó wọ̀ ní apá gígùn, ó dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó sì ju ìborùn onírun lé e. A dìde kí i. Mo wo ìborùn yẹn bí ẹni tí ebi ń pa ṣe ń wo oúnjẹ.

Wọ́n gbé ẹja sísun síwájú mi, odindi, pẹ̀lú ìrẹsì. Mo bu díẹ̀ sẹ́nu, kò lọ. Aṣọ náà ti dì mọ́ mi lábẹ́ ọmú débi pé oúnjẹ kò rí ọ̀nà gbà. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo ń fi omi tì í nígbà tí ìyàwó ọ̀gá kọjú sí mi.

Ó ní, "Ìyá Bọ́lá, a dúpẹ́ lọ́wọ́ yín gan-an o. Ọ̀gá sọ fún mi pé ẹ ti kọ̀wé fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń tọ́jú yàrá níbí, ẹ̀yin lẹ máa jẹ́ olórí wọn. Yàrá yín ti wà nílẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná. Ẹ ó sì máa rí ọkọ yín lópin oṣù."

Mo wo Bàbá Bọ́lá. Ó gbé ọwọ́ lé orúnkún mi lábẹ́ tábìlì, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó ní, "Ó ti ń múra, Mà. Inú rẹ̀ ń dùn."

Ọ̀gá náà sì ní, "Bàbá Bọ́lá náà kò ní wà níbi tó wà mọ́. Máníjà gbogbo ọkọ̀ ni yóò jẹ́." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Ohun tó yé mi nìyẹn, Bàbá. Wọ́n ti fi mí ṣe pàṣípààrọ̀ fún ipò ọkọ mi, mo sì jókòó sí ibi tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ fún un. Mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Afẹ́fẹ́ kò wọlé. Mo tún la ẹnu. Gbogbo ojú ń wò mí, wọ́n rò pé mo fẹ́ dúpẹ́ ni. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí orúnkún mi. Mo ní mo fẹ́ lọ fọwọ́, mo sì dìde.

Inú tọ́ílẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná ni mo sá wọ̀. Mo na ọwọ́ sẹ́yìn láti fa sípù, ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ó sì há. Mo fà á sókè, kò lọ. Mo fà á sísàlẹ̀, kò lọ. Òógùn ń bọ̀ lára mi nínú òtútù yẹn. Bí ẹ̀rù ṣe ń bà mí sí i ni èémí mi ń yára sí i, bí mo sì ṣe ń mí tó ni aṣọ náà ń fún mi. Mo fi ọwọ́ gbá ògiri. Mo rò pé ibẹ̀ ni màá kú sí, nínú aṣọ tí wọ́n yá mi.

Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. "Ta nìyẹn? Ṣé kò sí nǹkan o?"

Mo ní, "Ẹ gbà mí. Mi ò lè mí."

Obìnrin tó ń fọ abọ́ ni. Ó dàgbà jù mí lọ dáadáa, ọwọ́ rẹ̀ ṣì kún fún ọṣẹ. Otù ni ó ti wá, ó sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà. Ó yí mi sí ibi iná, ó gbìyànjú títí.

"Sípù ti mú aṣọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ há. Kò ní lọ mọ́."

"Ẹ gé e."

"Ṣé tiyín ni?"

"Rárá o. Àbúrò ọkọ mi ló ni ín."

"Háà. Wọn ò ní bá yín jà?"

"Wọ́n máa bá mi jà, Ìyá. Ẹ ṣáà gé e."

Ó lọ mú àlùmọ́gàjí tí wọ́n fi ń gé lẹbẹ ẹja. Mo gbọ́ bó ṣe ń gé aṣọ náà láti òkè bọ̀ wá sílẹ̀. Nígbà tó dé ìbàdí mi, mo mí. Mo mí débi pé ó dùn mí. Mo sì bú sẹ́kún níwájú obìnrin tí mi ò mọ̀ rí, ó dúró tì mí títí mo fi sunkún tán. Ó tú ìró òkè tó wà ní ìdí rẹ̀ fún mi, ó sì bọ́ súwẹ́tà rẹ̀ tó ń rùn èéfín. Mo ní wọn ò gbà kí a wọ ìró níbi tábìlì yẹn. Ó ní, "Ẹ̀yin ni mo fún, mi ò fún wọn."

Bàbá, ibẹ̀ ni ọjọ́ tí ẹ wọn aṣọ ìgbéyàwó mi ti sọ sí mi lọ́kàn. Ẹ wọn àyà mi, ẹ tún un wọ̀n. Ẹ ní mo ti rù ju ti oṣù tó kọjá lọ. Ẹ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ẹ bi mí pé ṣé ọkọ yìí wù mí, pé bí kò bá wù mí, ẹ ó dá gbogbo ẹrù ìdána padà, ẹ ò sì ní bi mí ní ìdí rẹ̀. Mo ní ó wù mí. Ojú ló tì mí. Wọ́n ti pín ìwé ìpè, Màmá kò sí láyé mọ́, mo rò pé ẹ̀yin nìkan ni àwọn èèyàn máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ wò mí pẹ́, ẹ kọ ìwọ̀n náà sílẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé mo ń purọ́? Kí ló dé tí ẹ ò tún bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i? Mi ò dá yín lẹ́bi o. Mo kàn ń béèrè ni.

Mo padà sí tábìlì pẹ̀lú ìró obìnrin afọbọ́ ní ìdí mi. Ọkọ mi fẹ́ dìde, mo ti ń sọ̀rọ̀ kó tó dìde tán. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ má bínú. Mi ò kọ̀wé kankan. Tíṣà ni mí, mi ò sì fẹ́ fi iṣẹ́ mi sílẹ̀."

Ọkọ mi ní, "Ara rẹ̀ ni kò yá, Mà."

Mo ní, "Ara mi yá."

Ìyàwó ọ̀gá wo súwẹ́tà mi, ó wo ojú mi, ó sì yí ojú sí ibòmíràn. Ọ̀gá sọ pé kí wọ́n gbé ọtí wá. Mo jókòó. Mo jẹ ẹja yẹn tán, Bàbá, mo sì jẹ ìrẹsì rẹ̀ tán.

Láti Ìsẹ́yìn títí dé Ìgbẹ́tì, ojú ọ̀nà nìkan ni Bàbá Bọ́lá ń wò. A gba iwájú ṣọ́ọ̀bù yín kọjá ní Ṣakí. Fóònù ni wọ́n ń tún ṣe níbẹ̀ báyìí. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti fi ilé háyà, yàrá mi pẹ̀lú. Bí mo bá tilẹ̀ fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ibo ni mo fẹ́ wọ̀?

Mo rò pé ó ti tán níbẹ̀. Kò tíì tán. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀lé e, ọ̀gá ilé-ìwé wa pè mí sí ọ́fíìsì. Bàbá jẹ́jẹ́ ni, ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ti ń sún mọ́. Ó ti bébà kan sí iwájú mi. Lẹ́tà ni, wọ́n tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ó sọ pé mo fi iṣẹ́ sílẹ̀. Orúkọ mi wà nísàlẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí i bí èmi ṣe máa ń fọwọ́ síwèé. Ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ló dá a padà, wọ́n ní kí n kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ bóyá èmi ni mo kọ ọ́.

Ó ní, "Tíṣà, ìwọ lo kọ èyí?"

Mo ní, "Ẹ fún mi di Fúráìdè, sà."

Mo délé, mo béèrè lọ́wọ́ ọkọ mi. Kò tilẹ̀ jiyàn. Ó ní, "Mo kọ ọ́ fún àǹfààní gbogbo wa ni."

"Orúkọ mi lẹ kọ sí i."

"Orúkọ ta ni? Ṣé kì í ṣe orúkọ mi lò ń jẹ́?"

Mo kọjá lára rẹ̀. Ó tẹ̀lé mi wọ yàrá, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Ó ní bí mo bá kọ ọ́ pé èmi kọ́, ọlọ́pàá ni yóò kan, pé òun ni wọ́n máa mú, Bọ́lá á wá máa jẹ́ ọmọ ẹlẹ́wọ̀n.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, ìyá rẹ̀ dé láti Ìléro. Ẹ mọ̀ pé mo fẹ́ràn ìyá yẹn. Òun ló wẹ Bọ́lá, òun ló fi omi gbígbóná jó ikùn mi fún ogójì ọjọ́. Ó kúnlẹ̀ fún mi, Bàbá. Arúgbó kúnlẹ̀ fún mi lórí símẹ́ńtì. Ó ní, "Ìyàwó mi, mo bẹ̀ ọ́, gbà pé ìwọ lo kọ ọ́. Wàá tún rí iṣẹ́ mìíràn. Bí wọ́n bá mú ọmọ mi, ojú wo lo máa fi wò mí?" Èmi náà kúnlẹ̀. A jọ wà nílẹ̀ níbẹ̀, à ń di ara wa mú, mi ò sì ṣèlérí kankan fún un.

Láti ìgbà náà, wọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ nínú ilé, wọ́n ń bu ẹran fún mi, wọ́n ń wò mí. Mi ò lè sùn, mi ò lè jẹun. Bí mo bá kọ bẹ́ẹ̀ ni, mo ti dé yàrá ẹ̀yìn ilé ìdáná. Bí mo bá kọ bẹ́ẹ̀ kọ́, mo ti fi ọwọ́ ara mi ti bàbá ọmọ mi sẹ́wọ̀n. Kí lẹ̀ bá ní kí n ṣe? Mo ti bi yín ní gbogbo òru ọ̀sẹ̀ yìí.

Òní ni Fúráìdè. Lọ́sàn-án, mo wọ ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé wa, mo gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kọ ọ́ pé: Kì í ṣe èmi ni mo kọ lẹ́tà yìí. Mi ò fi iṣẹ́ mi sílẹ̀.

Ó kà á. Ó yọ awò ojú rẹ̀. "Ṣé o mọ ẹni tó kọ ọ́?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà."

"Wọ́n lè bi ọ́ o."

"Bí wọ́n bá bi mí, mo máa sọ."

Ó fi í sínú àpòòwé, ó lẹ̀ ẹ́, ó sì gbé e lọ fúnra rẹ̀ lórí ọ̀kadà. Mo dúró lójú fèrèsé títí eruku rẹ̀ fi rọlẹ̀.

Ó ti lọ, Bàbá. Mi ò lè gbà á padà mọ́. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n máa béèrè tàbí wọ́n máa jẹ́ kó kọjá. Ọkọ mi ti pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mi ò gbé e. Ilé yẹn náà ni mo ń lọ, ìyá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, àti Bọ́lá tó máa wo ojú mi kó tó wo ti bàbá rẹ̀. Mo ń bẹ̀rù. Mi ò ní ibòmíràn tí mo lè lọ.

Ṣùgbọ́n kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí, mo ti nu pátákó mọ́. Mo kọ ọjọ́ Mọ́ńdè sí òkè rẹ̀. Mo kọ ìṣirò mẹ́wàá sí abẹ́ rẹ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin, mo sì kọ ọ́ gàdàgbà, kí àwọn tó máa ń jókòó sẹ́yìn lè rí i.

Ọmọ yín ni mí síbẹ̀, Bàbá, mo sì nífẹ̀ẹ́ yín ju bí mo ṣe sọ ọ́ nígbà tí ẹ ń gbọ́ lọ.

Ọmọbìnrin yín, ní Ìgbẹ́tì.